Afárá Onípákó Mẹ́rìnlélógún

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ló sọ ọ́ fún mi, nínú yàrá tó ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Obìnrin náà kì í ṣe aláròsọ. Tí ẹ bá bi í pé aago mélòó ló lù, á fi ìṣẹ́jú mọ́ ọn fún yín. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ń wo ẹnu mi, mo sì rí i pé ó wù ú kí n sọ pé irọ́ ni. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á, kó pa ìwé dé báyìí, kó wá nǹkan mìíràn kà.

Aláfárá ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí pé afárá ló ń ṣe. Kì í ṣe afárá tí ọkọ̀ ń gbà o. Afárá kékeré ni, tó gùn tó apá ènìyàn láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, fún àwọn tó ń ṣe eré ogun lórí tábìlì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àgbàlagbà ni wọ́n. Wọ́n á to òkè àti odò àti abúlé sórí tábìlì, wọ́n á kó ọmọ-ogun olójé, tí kò ga ju ìka lọ, sí ìhà méjèèjì, wọ́n á wá máa gbógun ti ara wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó ṣèṣe. Orí afárá ni ìjà ti máa ń le jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣa afárá bí ẹni ń ṣa bàtà.

Iṣẹ́ Aláfárá dá wọn lójú. Ó mọ̀ pé etí afárá gbọ́dọ̀ balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ọmọ-ogun má bàa ṣubú níbi tó ti fẹ́ gùn ún. Ó mọ bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó. Ó sì máa ń ṣe àárín rẹ̀ lọ́tọ̀, kó ṣeé fà yọ, torí nínú eré wọn, ọ̀tá lè fọ́ afárá nígbàkigbà. Tó bá kan gbogbo rẹ̀ tán, á gún bíríkì pupa títí yóò fi kúnná lúbúlúbú, á bù ú wọ́n orí pákó, kó lè dà bí ibi tí ènìyàn ti ń rìn.

Bàbá rẹ̀ ló ń dán afárá wò. Akọ̀wé ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó rọra máa ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó ní ọmọ-ogun olójé kan tí kò lọ́dà lára, tó ń pè ní Sájẹ́ńtì. Àtàǹpàkò Bàbá ti pa ojú àti imú rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Afárá kankan kì í kúrò nílé àyàfi tí Sájẹ́ńtì bá gùn ún já. Bàbá á jókòó sí ìpẹ̀kun kan tábìlì, á gbé Sájẹ́ńtì sí ìpẹ̀kun ọ̀hún, á wá máa tì í bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, pákó kan lẹ́yìn òmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wọn. Lójú Aláfárá, ńṣe ló yẹ kéèyàn ti ọmọ-ogun lọ síwájú, sójú ìjà.

"Rárá," Bàbá á ní. "Ẹni tó ń lọ, ara rẹ̀ ṣì yá. Orí okùn lásán á gbà á. Ẹni tó ń bọ̀ nílé ni kí o wò. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilé ló ń wò, kò wo ẹsẹ̀. Tí afárá bá gba onítọ̀hún, ó gba gbogbo ayé."

"Ẹ̀yin àti Sájẹ́ńtì yín ni kí ẹ máa ṣe é lọ, Bàbá."

"A ó máa ṣe é lọ."

Lọ́jọ́ kan, láàárọ̀, Bàbá gbé Sájẹ́ńtì sí ìpẹ̀kun ọ̀hún afárá tuntun kan, afárá onípákó tí Aláfárá fi igi áísìkirimù ṣe. Ó ka pákó rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ó ní, "Sájẹ́ńtì, ó yá, ilé yá." Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rọra fi orí lé tábìlì bí ẹni tí oorun gbé.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn lọ. Dókítà ní kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá fi sùn gbalaja lórí ibùsùn nínú yàrá ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ là, kò mọ ènìyàn. Aláfárá á jókòó tì í, á máa pè é. Ó máa ń dà bíi pé ó ń pe ẹni tó wà lókèèrè, tí atẹ́gùn ń gbé ohùn rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé kí Bàbá padà, kódà kó jẹ́ ọjọ́ kan péré, kó bá a jiyàn.

Ní ti afárá onípákó, ọjọ́ náà gan-an ló ti gbé e sókè sórí pẹpẹ pẹ̀lú Sájẹ́ńtì lórí rẹ̀. Kò fẹ́ rí i.

Ọ̀gágun ló mú kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Apoògùn ni Ọ̀gágun, ó ní ilé oògùn ńlá kan lójú pópó, ẹ̀yìn ilé oògùn náà sì ni wọ́n ti ń ṣeré ogun. Ọmọ-ogun rẹ̀ tó ẹgbẹ̀ta. Ọjọ́ Ajé ló pè é lórí fóònù.

"Aláfárá, ogun ńlá wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí n lọ fi páálí bàtà ṣe afárá, kí àwọn ọ̀tá mi fi mí ṣẹ̀sín."

"Mo ní afárá olókùúta kan."

"Ó ku kí ẹ wá ìkejì sí i. Mo fẹ́ràn kí n ṣà."

Bí Aláfárá ṣe gbé onípákó sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Sájẹ́ńtì ṣì dúró lórí pákó kìíní, eruku bò ó. Aláfárá nù wọ́n. Ó bu lúbúlúbú bíríkì tuntun wọ́n orí pákó, ó sì gbé afárá náà kalẹ̀ sórí tábìlì ní yàrá iwájú, ní gígùn. Ìpẹ̀kun tí Sájẹ́ńtì wà kọjú sí ilẹ̀kùn ìta. Ìpẹ̀kun kejì kọjú sí yàrá tí Bàbá sùn sí. Kò ní èrò kankan lọ́kàn. Bí àyè ṣe gbà á nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sájẹ́ńtì wà lórí pákó kẹrin.

Àbúrò Aláfárá ti dé nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni, Nọ́ọ̀sì náà ni wọ́n sì ń pè é nílé. Àràárọ̀ ló ń wá fọ ara Bàbá kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ìwọ lo sún Sájẹ́ńtì?"

"Àǹtí mi, Bàbá ni mo wá wẹ̀. Mi ò wá jagun."

Aláfárá rẹ́rìn-ín. Ó ní bóyá òun lòun fara gbún tábìlì. Ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kun afárá olókùúta lọ́dà. Ọ̀sán pọ́n. Àdúgbò dákẹ́, ìyẹn àsìkò tí àwọn ọmọdé wà nílé ìwé, tí àwọn àgbà wà níbi iṣẹ́. Kò sí ohùn rédíò, kò sí ohùn ọkọ̀.

Kẹ́.

Ó gbójú sókè. Ohùn náà kéré, bí ìgbà tí èékánná bá kan igi. Ó wo fèrèsé, ó wo òkè àjà. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́.

Kẹ́.

Ó wo Sájẹ́ńtì. Pákó kẹfà ló wà.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Kò dìde. Ó nawọ́ mú awò tó fi ń kun nǹkan tíntìntín, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó gbé e sójú, ó tẹ̀ síwájú. Ìdí Sájẹ́ńtì rí róbótó bíi kọ́bọ̀. Tó bá wọ́ lórí lúbúlúbú, ojú róbótó ló yẹ kó fi sílẹ̀. Ohun tó rí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló rí. Ẹsẹ̀ lásán, tíntín, pẹ̀lú ọmọ ìka márùn-ún. Ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ní apá ọ̀tún, ìlà kan là gbọọrọ láti pákó kìíní títí dé ibi tí Sájẹ́ńtì wà, bíi pé wọ́n ń wọ́ nǹkan nílẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ó kàn yí àga rẹ̀, kó lè máa wo ibẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tó bá sì ń wo ibẹ̀, nǹkan kan kì í mì. Ó kàn ní láti ṣẹ́jú ni.

Ọjọ́rú ni ẹ̀rù wá bà á tinútinú. Ó wọ yàrá láti fún Bàbá lómi, ó bá a tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó níwájú orí. Oṣù mẹ́jọ kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó nù ún. Bó ti ń nù ún, ó gbójú wo yàrá iwájú láti ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ó rí tábìlì, ó rí afárá, ó rí ilẹ̀kùn ìta lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn tò lórí ìlà kan ṣoṣo. Láti ilẹ̀kùn ìta, sí afárá, sí orí ibùsùn Bàbá.

Ẹnìkan ń bọ̀ láti ìta. Ẹnìkan ń bọ̀ wá mú Bàbá lọ.

Ó sáré jáde, ó mú Sájẹ́ńtì, ó gbé e padà sórí pákó kìíní. Ó tutù ju bó ṣe yẹ kí òjé tutù lọ. Bó ti ń gbé e kalẹ̀, Bàbá kérora nínú yàrá. Ìkérora gígùn, bí ti ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde láti oṣù mẹ́jọ nìyẹn.

"Ẹ má bẹ̀rù, Bàbá," Aláfárá ń wí. Ó ń sunkún. "Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ṣèlérí."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Sájẹ́ńtì ti dé orí pákó kẹsàn-án.

Aláfárá rò ó láti ju afárá náà sínú iná. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Pákó tí Bàbá fọwọ́ kàn kẹ́yìn ni. Ó wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ máa ṣe nígbà tí ọ̀tá bá ń bọ̀ lórí afárá. Ó fi ìka méjì mú àárín rẹ̀, láti pákó kẹwàá dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó fà á yọ. Ó tì í sínú dúróò. Ó ku apá kan lọ́hùn-ún, ó ku apá kan níbí, àlàfo sì wà láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tún fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó ní ìyá àgbà bíi tòun tó ń bá ọmọláńgidi olójé jagun. Ó sùn fọnfọn.

Igbe Nọ́ọ̀sì ló jí i ní ọjọ́ Ẹtì.

"Àǹtí mi! Ẹ dìde!"

Bàbá tutù. Ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ jìnnà síra wọn. Nọ́ọ̀sì kán omi sí i lẹ́nu, omi náà ṣàn jáde. Ó gbé etí lé àyà rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ọmọ tó ti rí ikú níbi iṣẹ́ bí ẹni ń rí òjò ni.

"Ẹ pe àwọn ẹbí," ó ní. "Kò ní pẹ́ mọ́."

Fóònù wà lórí tábìlì ní yàrá iwájú. Aláfárá nawọ́ sí i, ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí afárá. Sájẹ́ńtì wà létí àlàfo gan-an, ìdí rẹ̀ ti yọ sórí òfìfo. Lẹ́yìn rẹ̀, lúbúlúbú orí pákó kẹsàn-án ti dàrú. Ẹnìkan ti lọ, ó ti bọ̀, ó ti lọ, ó ti bọ̀, ní gbogbo òru. Ó ti wá ọ̀nà sí ọ̀tún, ó ti wá ọ̀nà sí òsì. Gbogbo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ òsì, àti ìlà gbọọrọ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni.

Ibẹ̀ ni òye ti yé e. Bàbá kì í ti ọmọ-ogun lọ. Bàbá máa ń tì í bọ̀ nílé ni. Oṣù mẹ́jọ lòun fi gbé e sórí pẹpẹ, tí kò rí ọ̀nà. Nígbà tó wá rí ọ̀nà, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ pákó kan lẹ́yìn òmíràn, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ gbé e padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà sì wá fa afárá yọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Háà! Bàbá! Bàbá mi, ẹ má bínú!"

Ó já dúróò yọ débi pé gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó wá àárín afárá láàárín ìṣó àti búrọ́ọ̀ṣì, ó rí i, ó gbé e sáàyè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣi í gbé. Ó wá bọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. "Àǹtí mi, Bàbá ń kú lọ, afárá lẹ ń tò?"

"Dákẹ́. Fetí sílẹ̀."

Wọ́n dúró. Ilé náà dákẹ́.

Kẹ́.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ. Aláfárá rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ. Nínú yàrá, Bàbá fa èémí gígùn kan, ó tú u jáde, ó sì fa òmíràn kíá.

Nọ́ọ̀sì jókòó ti Bàbá, Aláfárá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárín yàrá méjèèjì. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, Sájẹ́ńtì ti kọjá àárín. Ní aago méjìlá, Bàbá gbé omi mì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, wọ́n gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, léraléra, bí ẹni tó ti rí ilé rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán tó gbàgbé pé ó rẹ òun. Aláfárá yíjú wò. Sájẹ́ńtì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá. Ó dúró lórí tábìlì lásán, ní ìhà tilé.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá mì. Ó di ojú rẹ̀, ó sùn, oorun gidi, pẹ̀lú híhanrun.

Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún. Nọ́ọ̀sì sáré lọ pe dókítà. Inú Aláfárá dùn débi pé tí wọ́n bá tọrọ ilé tó ń gbé lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gágun kan ilẹ̀kùn.

Ó yẹ olókùúta wò, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóríyìn fún un. "Ó rẹwà bí ìyàwó òṣìngín. Àmọ́ ẹni méjì péré ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tèmi kì í tò ní méjì-méjì." Ó yí sí onípákó. Ó fi ọmọ-ogun mẹ́rin tó kó sápò wọ̀n ọ́n, wọ́n dúró ṣìnkìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Èyí gan-an ni. Ẹ wo ojú ẹsẹ̀ tí ẹ yà sí i! Ó pọ̀ o. Ẹ̀yin obìnrin yìí, báwo lẹ ṣe ya ẹsẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí?"

"Ẹ máa gbé e lọ," Aláfárá ní. Híhanrun Bàbá ló ń gbọ́. "Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa gbé e lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Aláfárá fi páálí gbé e fún un, ó gbé e lọ.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí híhanrun náà dákẹ́. Aláfárá wọlé, ó sì bá Bàbá tó jókòó lórí ibùsùn. Ó jókòó fúnra rẹ̀. Ó ń wò ó, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Ọmọ mi," Bàbá ní. Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

Aláfárá wólẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò rí nǹkan sọ ju "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ìrìn." Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Afárá dà?"

"Ọ̀gágun ti gbé e lọ." Ó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. "Onípákó ló ṣà."

"Ṣé o yọ àárín rẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọjá?"

"Rárá o. Mi ò tún ní yọ ọ́ láéláé, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí rẹ̀.

"Pè é. Sọ fún un kó yọ ọ́ kíákíá. Èmi nìkan kọ́ ni mò ń bọ̀."

Aláfárá gbójú sókè. Ó sáré mú fóònù. Ọ̀gágun gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀yin Aláfárá! Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ó tún fi ọmọ-ogun ta mí lọ́rẹ."

"Ọmọ-ogun wo?"

"Àwọn tí kò lọ́dà lára yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti tún odò ṣe lábẹ́ afárá, nígbà tí mo máa gbórí sókè, wọ́n ti tò sórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú páálí ni ẹ kó wọn sí, àmọ́ ta ló tò wọ́n?"

"Mélòó ni wọ́n?"

"Méjìlá. Mẹ́rin-mẹ́rin, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an."

"Ọ̀gágun, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yọ àárín afárá yẹn."

"Kò ṣeé yọ mọ́. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pátákó, àtàárín àtetí. Ẹ mọ̀ pé àwọn ènìyàn mi kì í yé gbún tábìlì."

"Ẹ fọ́ ọ! Ẹ wá nǹkan fọ́ ọ!"

Ọ̀gágun bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà já lójijì. Aláfárá gbọ́ èémí rẹ̀ létí fóònù.

"Aláfárá."

"Mò ń gbọ́."

"Mẹ́jọ ló kù."

"Àwọn yòókù dà?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò gbójú kúrò lára wọn. Mo kàn ṣẹ́jú ni." Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. "Mẹ́rin." Kò pẹ́. "Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ kúrò níbẹ̀, Ọ̀gágun."

"Kì í ṣe òun ni wọ́n ń wá," Bàbá ní lẹ́yìn rẹ̀. "Ilé tí mo wọ̀ ni wọ́n mọ̀."

Aláfárá yíjú padà. Bàbá ti dìde. Ọkùnrin tí dókítà ní kò ní fẹsẹ̀ kanlẹ̀ mọ́ ń rìn bọ̀ ní yàrá iwájú, ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ tààrà sídìí ilẹ̀kùn ìta. Ó tì í. Ó ti gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó fa àga wá, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti pákó ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Aláfárá ń wò ó, ayọ̀ àti ẹ̀rù ń jà nínú rẹ̀ débi pé kò mọ èyí tó ń mú kí omi máa dà lójú òun. Oòrùn ràn wọ inú ilé. Níta, kò sí ohùn ọmọdé kankan.

"Jókòó," Bàbá sọ fún un. "Má sọ̀rọ̀."

Ibi tí Aláfárá sọ ọ́ dé nìyẹn. Mo bi í léèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn wo ilẹ̀kùn ìta. Ọ̀gágun ṣì ń ta oògùn rẹ̀, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò ṣeré ogun mọ́, ẹni tó bá sì dárúkọ afárá fún un, á kọjú sára ògiri. Ní ti Bàbá, mo fojú mi rí i. Ara rẹ̀ dá, ohùn rẹ̀ já gaara, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Àga yẹn ló wà ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ ṣinṣin. Kò dìde nígbà tí mo ní mo fẹ́ máa lọ. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kí n kí ará ilé mi, ó sì fọwọ́ júwe fèrèsé fún mi, ibẹ̀ ni mo gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni Nọ́ọ̀sì ń gbà ní àràárọ̀.

Mo gba fèrèsé jáde. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀, mo wo iwájú ilẹ̀kùn náà láti ìta. Mi ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni mo gbà lọ.